Ajá Kékeré Tí Oúnjẹ Kì Í Dúró Nínú Rẹ̀

Àlọ́ o!

—Àlọ̀!

Mi ò gbọ́ yín. Ṣé iyán alẹ́ ti wọ̀ yín lára ni? Àlọ́ o!

—Àlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ tèmi rìn, ó rìn, kò yà sọ́jà, kò yà sóko. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọjá, ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ewúrẹ́, ó wá ṣubú lé ajá kékeré kan lórí. Ajá náà kò ju èkúté ilé lọ. Ẹ rọra o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo mọ ẹni tí ẹ ń retí. Ẹlẹ́yìn líle yẹn. Kò sí nílé lónìí, ó lọ kí àna rẹ̀. Mo sì mọ ìdí tí mo fi mú àlọ́ yìí wá. Nírọ̀lẹ́ òní, mo rí ẹnìkan tó ju òkò lu ajá arọ tó ń wá oúnjẹ lórí ààtàn. Mi ò dárúkọ. Kí onítọ̀hún ṣáà sún mọ́ ibí, kó wá máa bá mi tẹ ẹsẹ̀ tó ń ro mí yìí.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko jọ ń gbé nínú ìlú kan ṣoṣo. Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ wọn. Wọ́n jọ ń dáko, wọ́n jọ ń pẹja, abà ìlú sì ni wọ́n ń kó ẹja yíyan àti ẹ̀wà sí. Ebi kì í pa ọ̀lẹ níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti òṣìṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, àwọn tó lọ pọnmi gbọ́ ohun kan tó ń ké lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọmọ ajá ni. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Wọ́n gbé e wá sí iwájú ilé Baálẹ̀.

Wọ́n bu ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un nínú àpáàdì. Áà, ajá lá ẹ̀kọ! Ó lá a, ó lá a, ó tún lá ara àpáàdì. Gbogbo ìlú pariwo: "Ó ń jẹun! Yóò yè!" Wọn kò tíì pa ẹnu dé tí ajá fi na ọrùn. Họ̀-ọ́. Họ̀-ọ́. Ẹ̀kọ náà padà jáde bó ṣe wọlé, gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún bu òmíràn. Ó tún lá a. Ó tún padà. Àwọn tó dúró nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn.

"Eléyìí kò ní pẹ́ láyé," ẹnìkan wí.

"Ìgbẹ́kọ̀yí ni kí ẹ máa pè é," ni Baálẹ̀ Ẹfọ̀n wí. "Ìgbẹ́ pàápàá kọ èyí. Bóyá bó bá gbọ́ pé wọn kò fẹ́ òun lọ́hùn-ún, á dúró tì wá níhìn-ín."

Ìlú náà ní àṣà kan. Ọmọ tí kò bá ní ìyá, ìlú á fi í fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á tọ́. Agbọ̀n kan, ẹja àti ẹ̀wà, ni wọ́n ń fún alágbàtọ́ ní ọrọọrún. Bí ọmọ náà bá ní àìlera, agbọ̀n á di méjì. Ọjọ́ kọkànlélógún ni ọjọ́ ìpọ̀n. Alágbàtọ́ á pọn ọmọ náà sẹ́yìn, á gbé e yí ojúde ká lójú gbogbo ìlú. Bó bá ti yí i ká tán, ó parí, ọmọ ti di tirẹ̀ títí láé, kò sí ẹni tó tún lè bi í léèrè. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ yẹn. Wọ́n ní bí ọwọ́ bá pọ̀ jù lára ọmọ, ọmọ kì í mọ ẹni tó ni òun. Ẹni tó bá rú òfin náà, wọ́n á lé e kúrò nílùú.

Baálẹ̀ wò yíká. "Ta ni yóò gba Ìgbẹ́kọ̀yí?"

Awó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀yà rántí pé òun fi nǹkan sórí iná. Ìgbà náà ni Ìyá Ewúrẹ́ jáde síwájú. Arúgbó ni. Ìwo rẹ̀ kan ti kán. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé ọkọ, òun nìkan ló kù nínú ahéré tó wà lẹ́yìn ọgbà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

"Ẹ fún mi," ó ní. "Mo fẹ́ ẹ."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n! Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i!"

Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí. "Ìyá, ẹ ṣeun. Àmọ́ ọjọ́ ti lọ lórí yín. Ta ni yóò máa tọ́jú ẹnìkejì? Bó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́ ńkọ́?"

Ìyá Ewúrẹ́ fẹ́ fèsì. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dà rú mọ́ni lẹ́nu nígbà tí a bá fẹ́ nǹkan jù. Kó tó rí ohun tó máa sọ, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti bọ́ sáàrin agbo. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí kò fún ẹnikẹ́ni lómi mu rí! Etí rẹ̀ ti gbọ́ agbọ̀n méjì. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, èèyàn kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ bá a nù.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa," ó ní. "Ọkàn mi kò gbà á rárá. Ọmọ kékeré báyìí! Mo ní ilé, mo ní agbára, mo ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó le. Ẹ jẹ́ kí ìyá wa sinmi. Èmi ni kí ẹ jẹ́ kí n jìyà ọmọ yìí."

Wọ́n ní ó káre. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ó láàánú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ajá lé e lọ́wọ́, wọ́n gbé agbọ̀n méjì lé e lórí. Ìyá Ewúrẹ́ dúró síbẹ̀ títí gbogbo èèyàn fi túká.

Mosúnmọ́lá, kí ló dé?

—Màmá, ṣé ó máa kú ni?

Mi ò mọ̀. Bí mo bá sọ fún ọ báyìí, kí la tún fẹ́ jókòó ṣe? Máa gbọ́.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó da ẹja sórí ẹní, ó mú ọ̀kan tó sanra, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń ronú. Ẹ gbọ́ ìrònú ọ̀kánjúwà:

"Bí ajá yìí bá kú, agbọ̀n dúró nìyẹn. Kò dáa. Bí ara rẹ̀ bá le, agbọ̀n á di ẹyọ kan. Ìyẹn náà kò dáa. Èyí tó dáa ni pé kó má kú, kó má sì yè."

Kó má kú, kó má sì yè! Ẹnu tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni egungun ẹja wà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mú èérí, èyí tí àwọn tó ń sẹ́ ògì máa ń dà nù, ó po omi mọ́ ọn, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ọmọ. Ọmọ ajá tẹ orí ba, ó jẹ ẹ́. Ṣé kò jẹ ẹ́ ni, ebi ń pa á. Họ̀-ọ́. Gbogbo rẹ̀ padà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sún ẹní rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà rin, ó sì mú ẹja mìíràn.

Ìyá Ewúrẹ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ahéré rẹ̀ fara ti ọgbà náà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó gbọ́ ikọ́ ajá, ikọ́ náà le. Lọ́jọ́ kejì, ó rọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti di fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́, bí ẹni ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ ràn. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bà á. Igbe ọmọ kì í bani lẹ́rù tó ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti tọ́mọ rí.

Ó fẹ́ lọ sọ fún Baálẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Wọ́n á ní ìlara ló ń ṣe é. Wọ́n á ní nítorí pé wọn kò fún un ló ṣe ń ba ọmọlúàbí jẹ́. Ta ni yóò gba arúgbó oníwo kan gbọ́ lójú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ẹlẹ́nu dídùn?

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ní ìwà kan. Bí oòrùn bá kan àtàrí, tí ikùn rẹ̀ ti kún, ó máa ń lọ sun oorun ọ̀sán létí odò. Lọ́jọ́ kẹrin, Ìyá Ewúrẹ́ dúró títí ó fi rí ìrù rẹ̀ tó kọrí sódò. Ó wá gba ihò kan lára ọgbà wọlé. Ó mọ òfin. Ó ṣáà wọlé.

Ó bá ọmọ ajá lórí ilẹ̀. Ó gbé ẹ̀kọ tirẹ̀ kalẹ̀, ajá jẹ ẹ́, ẹ̀kọ padà. Ó tún fún un ní díẹ̀, èyí tí kò ju èékánná lọ. Ó padà. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi," ó ní, "gbé e mì, jọ̀ọ́." Ajá wò ó lójú, ó sì mi ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìrù yẹn ló mú ọkàn ìyá náà. Bí kò bá mi ìrù ni, bóyá ìbá gbàgbé rẹ̀.

Ó padà sí ahéré rẹ̀, ó jókòó, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹ mọ̀ pé bí ewúrẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tó jẹ láàárọ̀, ọ̀fun rẹ̀ á dá a padà lọ́sàn-án, á tún un jẹ, á tún un gbé mì. Ó ń jẹ, ó ń ronú, omijé ń dà. Bó ṣe tẹ orí ba, oúnjẹ gòkè. Bó ṣe gbé ọrùn nàró, oúnjẹ wọlẹ̀. Ó dúró. Ó tún un ṣe. Ó tẹ orí ba, ó gòkè. Ó gbé ọrùn, ó wọlẹ̀.

"Yéè!" ó ké. "Ohun tó ń ṣe mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ló ń ṣe ọmọ yìí! Òun ṣáà ni kò mọ bí a ṣe ń dá a padà sísàlẹ̀!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tún lọ sódò, ó gba ihò wọlé, ó mú ọ̀já rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀já tó fi pọn gbogbo ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ó gbé ajá dúró, ó rọ ọ́ lẹ́kọ díẹ̀díẹ̀. Kò dá a dùbúlẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó fún ọ̀já dáadáa, orí ajá nàró lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ògiri, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró gangan, bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé lókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá oúnjẹ sọ̀rọ̀. Orin ló fi bá a sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́, kí ará ìta má baà gbọ́. Ẹ bá mi gbè é. "Wọlẹ̀, má padà" lẹ ó máa wí.

Ẹ̀kọ tí mo rọ,
—Wọlẹ̀, má padà.
Ọ̀nà rẹ tọ́,
—Wọlẹ̀, má padà.
Ikùn ọmọ ń retí rẹ,
—Wọlẹ̀, má padà.
Ẹ̀yìn mi ń ro mí o,
—Wọlẹ̀, má padà.
Rọra, rọra, rọra,
—Wọlẹ̀, má padà.

Ó dúró. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Òjìji ògiri rìn láti ibi kan dé ibi kan. Ó ń retí họ̀-ọ́. Họ̀-ọ́ kò dé. Dípò rẹ̀, ó gbọ́ nǹkan kékeré kan lẹ́tí: gẹ̀ẹ́! Ajá gùfẹ̀. Oúnjẹ ti wọlẹ̀! Ìyá Ewúrẹ́ fi orí ti ògiri, ó sunkún ayọ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ojoojúmọ́ ló ní láti ṣe é. Bó bá tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, oúnjẹ á padà. Bó bá pẹ́ jù, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á bá a níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó wà lórí ẹsẹ̀ méjì yẹn, ojú rẹ̀ kan ń wo òjìji, ojú kejì ń wo ilẹ̀kùn. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mókun, ṣùgbọ́n àyà ìyá kò balẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, eṣinṣin lé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò létí odò. Ó padà sílé kí àsìkò tó tó. Ìyá Ewúrẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ̀fun ọmọ. Ó fò sẹ́yìn àká tó wà ní igun ilé pẹ̀lú ajá lẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn dún. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wọlé. Ó dúró. Ó fa imú.

"Òórùn ewúrẹ́ ni mò ń gbọ́ yìí?"

Ìyá Ewúrẹ́ kò mí. Ó ń gbọ́ bí ọ̀fun ajá ṣe ń dún lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, kùlù, kùlù, oúnjẹ fẹ́ gòkè. Ó gbé ọrùn sókè sí i, ó gbé e sókè títí ó fi ń dùn ún. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, ọmọ mi, má húkọ́, ọmọ mi, má húkọ́.

"Ṣé arúgbó yẹn kì í wẹ̀ ni?" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. "Òórùn rẹ̀ ti gba ọgbà wọlé bá ni." Kò tilẹ̀ wo ibi tó fi ọmọ sí, ó wọ yàrá lọ, ó lọ wá ẹja.

Ìyá Ewúrẹ́ tú ọ̀já. Kí ni kó ṣe? Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó ki orí bọ ihò ọgbà, igi fa irun rẹ̀ ya, ó bọ́ síta. Kò tíì mí tán nígbà tó gbọ́ ọ láti òdìkejì. Họ̀-ọ́. Họ̀-ọ́. Oúnjẹ ọjọ́ kan gbáko ti lọ. Ó fi imú kan ọgbà, ó sunkún láìjẹ́ kí ohùn jáde.

Nígbà tó fi máa padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi ẹ̀gún dí ihò náà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti rí irun. Orí rẹ̀ yọ lókè ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàsán, Ìyá Àgbà. Ẹ̀gún pọ̀ lápá ibí o, kó má lọ gún yín lójú. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbàgbé òfin ìlú."

"Mi ò gbàgbé," Ìyá Ewúrẹ́ wí.

Láti ọjọ́ náà, etí ló kù fún un. Ó ń fetí sí ikọ́ ọmọ. Ó le, ó rọ̀, ó di fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ ogún, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan.

Mosúnmọ́lá, má fà mí láṣọ. Èmi náà ni àyà mi ń já.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé. Ọmọ ajá ṣì ń mí, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wò ó. "Bí wọ́n bá rí ikùn yìí, wọ́n á bi mí ibi tí agbọ̀n wọlé sí." Ó bá po èérí mọ́ omi, ó la ẹnu ọmọ, ó dà á sí i, ó tún dà á sí i, títí ikùn fi yọ roboto. Ó wá mú ọ̀já. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò pọn ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Ó di ajá bí ẹni di ẹrù igi, orí nísàlẹ̀, ìdí lókè. Ó fi aṣọ aláràbarà bò ó, ó jáde.

Ojúde kún. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń jó bọ̀. "Bàbá ọmọ!" wọ́n ń kí i. "Ọmọ á jẹ́ tìrẹ o!" Ó ń juwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń juwọ́ sósì.

"Ọmọ dákẹ́ o," Awó wí.

"Oorun ni," Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dáhùn. "Ó yó ni. Ẹni tó bá yó ńkọ́, kò ní sùn?"

Ìyá Ewúrẹ́ wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó na ọrùn. Ó rí i pé aṣọ tó bo ọmọ ń fò sókè sódò, ó ń fò, ó wá dẹ́kun. Ó wo ibi tó yẹ kí orí wà. Ìrù ló yọ níbẹ̀. Ìrù náà rọ̀, kò mì.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti yí ìdajì ojúde. Ó ku ìdajì. Bó bá yí i tán, ọmọ ti di tirẹ̀ láéláé. Bí Ìyá Ewúrẹ́ bá sì fọwọ́ kan ọmọ kó tó yí i tán, wọ́n á lé e jáde pẹ̀lú ọjọ́ ogbó rẹ̀, sínú igbó tí ẹkùn ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ, kí ni kó ṣe?

—Kó gbà á!

Ó rọrùn láti wí lórí ẹní. Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ṣáà gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ó wá sáré.

"Gbé e dúró!" ó ké. "Gbé e dúró! Ó ń pa á! Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀!"

Ó fi ìwo kan ṣoṣo yẹn fa ọ̀já ya. Ajá bọ́ sí i lọ́wọ́. Èérí dà jáde lẹ́nu rẹ̀, ó dà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Baálẹ̀, ṣàà! Ọmọ náà kò mí. Ìyá Ewúrẹ́ nu ẹnu rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn, ó tú ọ̀já tirẹ̀ nídìí, ó fi dì í, ó sáré lọ gbé ẹsẹ̀ méjì lé òpó iwájú ilé Baálẹ̀, ó nàró.

"Ẹ wò ó!" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń pariwo. "Ó ti fọwọ́ kàn án! Òfin! Ẹ lé e!"

Gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn ìyá arúgbó yẹn. Ó ń kọrin, èémí ló ń fi orin bá sọ̀rọ̀ ní báyìí.

Èémí ọmọ mi,
—Wọlẹ̀, má padà.

Òun nìkan ló ń lé e, òun nìkan ló ń gbè é. Lẹ́yìn náà Awó gbè é. Ọ̀yà gbè é. Kò pẹ́, gbogbo ojúde ń gbè é, títí kan àwọn tó fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́sí. Ẹ̀yin náà, ẹ gbè é!

Èémí tí mo fẹ́,
—Wọlẹ̀, má padà.
Ayé kò kọ̀ ọ́ o,
—Wọlẹ̀, má padà.
Dúró tì mí, dúró,
—Wọlẹ̀, má padà.

Wọ́n kọ ọ́ títí. Baálẹ̀ ti di ojú rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ họ̀-ọ́. Èérí tó kù tú jáde, ó dà sí Ìyá Ewúrẹ́ lọ́rùn. Ajá sín. Hin-ṣì! Ó mí, ó tún mí, ó gbé ojú sókè, ó ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ìlú ké yéè. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò wo òkè, ilẹ̀ ló ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi pátákò tú ohun tó dà sílẹ̀ wò.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí ni èyí?"

"Ẹja ni, Baálẹ̀. Mo lọ̀ ọ́ kúnná fún un ni."

"Láti ìgbà wo ni ẹja ti ń ní eèpo àgbàdo?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Wọ́n rán àwọn èèyàn lọ sílé rẹ̀. Wọ́n bá orí ẹja tó ga bí òkìtì ọ̀gán, wọ́n bá agbọ̀n tuntun tó ti jẹ dé ìdajì, wọ́n sì bá àpáàdì èérí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò dúró gbọ́ parí rẹ̀. Ó ti kó sínú igbó. Láti ọjọ́ náà kò ní ìlú mọ́. Ohun tó bá máa jẹ, ó di kó jí i, kó sì máa wẹ̀yìn bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Baálẹ̀ yíjú sí Ìyá Ewúrẹ́, ó ṣì wà lórí ẹsẹ̀ méjì lára òpó.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kí a gbé e dúró?"

Ìbá purọ́. Kò sí ẹni tó rí i. Ó ní: "Mo ti ń wọlé tọ̀ ọ́ láti ọjọ́ kẹrin, Baálẹ̀. Mo ń bọ́ ọ, mo ń pọ̀n ọ́n. Mo rú òfin kó tó di òní."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́. Òfin ní kí a lé yín."

"Mo mọ̀. Ẹ lé mi, kò burú. Ṣùgbọ́n ebi ń pa ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n rọ ọ́ lẹ́kọ, kí ẹ jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ wọlẹ̀ ná."

Ọ̀yà sáré lọ gbé ẹ̀kọ wá. Ìyá Ewúrẹ́ rọ ọmọ, ó tún pọ̀n ọ́n, ó tún nàró.

"Yóò ti pẹ́ tó?" Baálẹ̀ béèrè.

"Díẹ̀. Títí òjìji òpó yìí yóò fi kúrò lẹ́sẹ̀ mi."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á tún jẹun nírọ̀lẹ́. Màá tún pọ̀n ọ́n."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, Baálẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

Ìyá Ewúrẹ́ wẹ̀yìn wo ọmọ náà. "Ara rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Bó bá tóbi jù mí lọ, màá ṣì wá ọ̀já tó gùn."

Baálẹ̀ yíjú sí ojúde. Ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlú lè gbọ́. "Ẹ gbọ́ o, ará ilé, ará oko. Òfin kò ní yẹ̀. A óò lé Ìyá Ewúrẹ́ kúrò nílùú. Ọjọ́ tí oúnjẹ ọmọ yìí bá wọlẹ̀ tán, tí kò tún ní jẹ òmíràn mọ́, ọjọ́ náà gan-an la óò lé e. Títí di ìgbà yẹn, agbọ̀n méjì ní ọrọọrún, ẹ máa gbé e fún un."

Ìlú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n dúró de ọjọ́ ìléjáde náà títí Baálẹ̀ fi di arúgbó.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ, kó má wo agbọ̀n tó bá a wá. Ohun tó ń ṣe ọmọ ni kó wò, kó sì mọ̀ pé ìyẹn ni òun yóò máa gbé. Àánú tí kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ kí oúnjẹ ọmọ wọlẹ̀, ojúkòkòrò ni, bó ti wù kó sunkún tó.

Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ẹ̀kọ àárọ̀ ọ̀la má gba ọ̀fun mi kọjá.